Ẹ Bi Wá: Ṣé èèpo èso lè di oògùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní èèpo mangosteen àti ti pómégíránétì máa ń pa bakitéríà. Ṣé kí n kúkú máa sè é mu dípò oògùn tí dókítà kọ fún mi ni?

Ìdáhùn: Háà, rárá o! Ẹ lo oògùn yín tán. Àmọ́ ẹni tó sọ fún yín ò parọ́ o, èso ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá fún kòkòrò, èèpo ló fi ń jà. Ẹ fi ẹnu kan èèpo pómégíránétì wò, bó ṣe máa fún ahọ́n yín pọ̀ yẹn, tannin ni, kẹ́míkà kan tó wà nínú èèpo náà.

Ti mangosteen ló wù mí jù. Kẹ́míkà kan wà nínú èèpo ẹ̀ tó nípọn yẹn, alpha-mangostin ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n bá da á sí MRSA ní láàbù, ìyẹn bakitéríà tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn mọ́, ńṣe ló máa ń dá awọ ara ẹ̀ lu, tí nǹkan inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò jáde. Ṣùgbọ́n inú abọ́ láàbù nìyẹn o, torí kì í fẹ́ yòrò nínú omi, téèyàn bá sì gbé e mì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dénú ẹ̀jẹ̀. E. coli, bakitéríà míì, tiẹ̀ tún ní awọ míì níta tó fi ń dáàbò bo ara ẹ̀.

Penicillin gan-an, oògùn tó ń pa bakitéríà, 1928 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Fleming rí i, ó di 1941 kí wọ́n tó gún un fún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sè nílé wá ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa mọ iye kẹ́míkà tó wà nínú ife kan?