Fọ́ọ̀mù náà kò ní ju àlàfo kan lọ

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, bí ọkùnrin kan bá fẹ́ obìnrin méjì tàbí mẹ́ta, ṣé ó yẹ kí òfin ka gbogbo wọn sí ìyàwó? Mo ti ka èsì yín. Àwọn kan ní àgbà ló ń fẹ́ àgbà, kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n rímú mí. Àwọn kan ní ìyà obìnrin ni gbogbo rẹ̀, òfin kò gbọdọ̀ fọwọ́ bà á. N kò rí ìyàwó kejì kankan nínú ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà nípò yẹn kí ọkọ mi tó kú.

Ìdájí ló ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a fínra tipẹ́ ló kọ lu ọpọlọ rẹ̀. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ilé kejì la gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, kíákíá. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé wá, ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ó ṣí fáìlì tí ọkọ mi ti ní níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan lọ, ó gbójú sókè wò mí, ó tún wo fáìlì. "Orúkọ yín kọ́ ló wà níbí, mà." Àlàfo kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù náà ní fún ìyàwó, orúkọ ìyálé mi ló sì wà nínú rẹ̀, íńkì rẹ̀ ti ń ṣá.

Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ la fi dúró de ìyálé mi. N kò sọ pé ìdádúró yẹn ló pa á. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó má yí ohunkóhun padà. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, sálúbàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ìgbà tí mo mú un kúrò nílé, mo sì ń wo aago ara ògiri.

Ìyálé mi dé, ó buwọ́ lùwé, wọ́n gbé ọkọ wa wọlé. Ó wá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kan náà. Ó pẹ́ kó tó lanu, kò sì wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́: "Wọ́n ní kí n wá buwọ́ lùwé kí wọ́n tó lè la orí ọkọ mi. Nígbà tó ń fẹ́ ọ, ìwé wo ni wọ́n gbé wá fún mi?"

N kò lésì. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ti pé ọdún mẹ́ta kí obìnrin yìí tó mọ̀ pé mo wà láyé. Ohun tí ọkọ mi sọ fún èmi ni pé ìyálé ti gbọ́, ó sì ti gbà. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ó wù mí kí n gbà á gbọ́. Mo lè ní kó mú mi lọ kí ìyálé fúnra rẹ̀. N kò béèrè. Mo lè ní ká kọ nǹkan sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ni n kò lè béèrè, torí lójú mi nígbà náà, ẹni tó bá ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọkọ kò fọkàn tán an ni.

Ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Nígbà tó yá, mo lọ sí ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Akọ̀wé tó dá mi lóhùn kò ṣe àfojúdi rárá, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó to fọ́tò ìgbéyàwó wa sórí tábìlì, mẹ́fà, ó tò wọ́n dọ́gba dọ́gba bí ẹni tó fẹ́ ta ayò, ó ní, "Mà, ẹ rẹwà níbí o. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í ṣe ìwé." Ilé tí ọkọ wa kọ́ kẹ́yìn, owó òrùlé rẹ̀ láti ọwọ́ mi ló ti jáde, orúkọ ọkọ wa nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Òfin mọ àwọn ọmọ mi, ó fún wọn ní ìpín nínú ogún bàbá wọn. Ìyá wọn ni kò mọ̀, àfi bí ẹni pé ojú ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́. Ìyálé mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ nínú ohun tí wọ́n san fún un, ó fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sunkún délé, nítorí ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ fún, àánú ni mo fi gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kí òfin ṣá má dá a mọ̀, mo gbọ́ ìdí yín, mo sì mọ̀ pé ìdí wà. Tùnísíà fòfin dè é ní 1956, ẹni tó bá ṣe é lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2000 pé kí wọ́n pa á rẹ́ níbikíbi tó bá kù sí. Ilé ẹjọ́ gíga British Columbia ní Kánádà yẹ̀ ẹ́ wò látòkèdélẹ̀ ní 2011, ó ka ìpalára ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń tètè fà lé ọkọ lọ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń lé kúrò láàárín ẹgbẹ́ kí obìnrin lè tó àwọn àgbà. Ó ní kí òfin tó dè é dúró. N kò bá wọn jiyàn lórí ìpalára. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, tí òfin bá kọ̀ láti mọ̀ wá, ta ni ìyà náà ń jẹ? Ọkọ mi kú tiyìtiyì. Kò sí akọ̀wé tó to fọ́tò rẹ̀ sórí tábìlì.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjà yìí ti pẹ́ jù. Láti 1879 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹ̀sìn kò lè gba ọkùnrin sílẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó méjì. Títí di àìpẹ́ yìí, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún lè bá ẹni tó bá ṣe é ní Utah. Síbẹ̀ àwọn tó ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀ níbẹ̀ kò yé ṣe é, wọ́n kàn ń fara pamọ́ ni. Ní 2020, àwọn aṣòfin ibẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí owó ìtanràn lè parí láàárín àwọn àgbà tó gbà fún ara wọn. Ẹni tó bá fi ipá tàbí ẹ̀tàn ṣe é ṣì wà lábẹ́ ìyà ńlá. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kò jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè lọ sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin má mú ọ kò túmọ̀ sí pé ó mọ̀ ọ́. Ìyàwó kejì ní Utah lónìí, bí ọkọ rẹ̀ bá kú lọ́la, orí bẹ́ǹṣì tèmi ló máa jókòó sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi hàn mí pé ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1866, ọkùnrin kan tó gbéyàwó ní Utah wá béèrè ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù wọn. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní o! Adájọ́ ní ìgbéyàwó tí òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é bá ti fàyè gba ìyàwó púpọ̀, kóòtù òun kò mọ̀ ọ́n, ó ti ilẹ̀kùn. Ọdún 106 kọjá kí òfin 1972 tó ṣí i: àwọn tó ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ níbi tó ti tọ́ lè wá sí kóòtù Gẹ̀ẹ́sì wá gba ìkọ̀sílẹ̀ àti owó ìtọ́jú. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Wọ́n kàn gbà pé obìnrin tó ti wà nínú rẹ̀ kò yẹ kó jáde lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin "àgbà ló ń fẹ́ àgbà" ńkọ́? Mo fẹ́ kí ẹ ka àwọn àgbà náà. Èmi kan, ọkọ mi kan, ìyálé mi kan. Mẹ́ta ni. Méjì ló gbà. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó ń wọlé nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, ẹ sì gbàgbé ẹni tó ti wà nínú ilé. Àwọn tó ṣáájú wa kò tan ara wọn jẹ lórí èyí: òòṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Bí kò bá tilẹ̀ dénú, ó yẹ kí wọ́n ti bi í, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ tàbí kí ó ní kí wọ́n pín dúkìá fún òun kí òun máa lọ.

Èyí ni mo fi fẹ́ràn ohun tí Gúúsù Áfíríkà kọ sínú òfin wọn ní 1998, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000. Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn lábẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí kóòtù pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tó máa sọ bí dúkìá yóò ṣe rí láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn ìyàwó tó wà nílẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹjọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Mo ronú lórí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí mi ká ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà. Ó ṣeé ṣe kí ìyálé mi dé ibẹ̀ kó ní òun kò gbà. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ mi máà lọ rárá. N kì bá tí fẹ́ ẹ. Mo lè gba ìyẹn ju bẹ́ǹṣì lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó, torí wọ́n lè kọ òfin kí àwọn ènìyàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ọkùnrin kan kú, obìnrin méjì sì jáde wá, oníkálùkù ní òun ni ìyàwó. Ìyálé ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ní 2013, kóòtù tó ń dájọ́ lórí ìwé òfin ilẹ̀ wọn ní ìgbéyàwó kejì kò fìdí múlẹ̀, nítorí pé ìyálé kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo ka ìdájọ́ yẹn, ṣe ló dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ó dùn mí, n kò sì lè sọ pé wọn kò tọ̀nà. Ẹni tó fa gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀, obìnrin kejì ló gbé ẹ̀bi náà lọ sílé. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ orúkọ sínú ìwé ìgbéyàwó béèrè nígbà tí ọkọ ṣì wà láàyè, kó rí ìyálé lójú kojú, kó tó kọ ohunkóhun.

(Ní 2021, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ gbé ìwé jáde tó dá a lábàá pé bóyá kí òfin gba àwọn obìnrin pẹ̀lú láyè láti fẹ́ ju ọkọ kan lọ, ẹ ò rí bí ariwo ṣe sọ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òmìnira kò rántí òmìnira mọ́.)

Ìṣòro tó kù le lóòótọ́. Bí ìyàwó mẹ́ta bá wà, ṣé ìgbéyàwó kan ni àbí mẹ́ta? Bí ìkejì bá kọ ọkọ, ṣé ara ìpín ìyálé ni wọ́n á ti bù fún un? Ta ni yóò buwọ́ lùwé iṣẹ́ abẹ bí ìyàwó méjèèjì kò bá fẹnu kò? Lójú mi, kí ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan dá dúró, kí wọ́n ṣírò ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó wọlé, kí ìyẹn sì jẹ́ ti ìyàwó tó bá ọkọ ṣe é. Ti ọsibítù rọrùn jù: kí ọkọ kọ orúkọ wọn tẹ̀léra wọn. Ìlú Somerville ní Massachusetts ṣe òfin kan ní 2020 tó gbà kí àwọn tó ju méjì lọ forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Ó ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣáà fi ìlà kún fọ́ọ̀mù.

Ṣé màá gba ọmọbìnrin mi nímọ̀ràn kó ṣe é? Rárá o. Òfin mọ ìkọ̀sílẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ó ń bẹ yín kí ẹ máa kọ ara yín. Àdéhùn ẹ̀tọ́ obìnrin tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Maputo ní 2003 sọ méjèèjì pọ̀: ọkọ kan aya kan ló wù wọ́n jù, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ obìnrin tó wà nílé olórogún. Mo lè gbé pẹ̀lú ìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, ìyálé mi fẹ́ ta ilẹ̀ kan, ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun. Lọ́yà gbé ìwé síwájú wa. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tí ẹlẹ́rìí jẹ́ sí ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ìyálé mi di bírò mú, ó dúró, ó bojú wò mí. Èmi náà ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó kọ "àbúrò" síbẹ̀, ó sì ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi kí n buwọ́ lù ú.