Àwọ̀ ewé tó ń yọ́ wọ abẹ́ téèpù lára Spitfire

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwọ̀ ewé yọ́ wọ abẹ́ téèpù lórí Spitfire 1/48 yín, ìyẹn àwòṣe bàálù ogun tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 48 ti gidi, etí àwọ̀ náà wá ṣe gbágungbàgun. Ẹ má bá téèpù jà. Àwọ̀ ewé tí ẹ kọ́kọ́ fín ló tutù jù.

Ocean Grey (àwọ̀ eérú) ni kó ṣáájú, torí ó mọ́ ju Dark Green (àwọ̀ ewé yẹn) lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24. Tí téèpù bá ti wà níbẹ̀, ẹ tún fi Ocean Grey yẹn kan náà fín etí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́: tí nǹkan kan bá máa yọ́ wọlé, èyí tí ojú ò ní rí ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí Dark Green tó dé, ní agbára afẹ́fẹ́ 15 psi, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 sí ara bàálù, bí èéfín, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ti ìṣáájú gbẹ ná.

Àmọ́ tó bá jẹ́ tèmi, Blu-Tack (àtè rírọ̀ bí amọ̀) ni màá lò. Etí tó rọ̀ tó ínṣì kan lára bàálù gidi, bí ìdajì mìlímítà péré ni ní 1/48, téèpù ò sì lè ṣe ìyẹn. Ẹ yí i lórí gíláàsì bí okùn tó nípọn tó mìlímítà 3, kí ẹ tò ó sójú ìlà tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ o. Abẹ́ rẹ̀ tó rí roboto ló ń mú kí etí rọ̀. Ẹ fi téèpù bo ibi tó máa jẹ́ Ocean Grey láàárín àwọn okùn náà.

Ibi tó ń dà á rú nìyí: ẹnu airbrush (ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń fín ọ̀dà) gbọ́dọ̀ dojú kọ okùn náà gangan, 90 dígírì. Tó bá tẹ̀ sí abẹ́ okùn, etí á fẹ̀, á ṣú. Tó bá ti ẹ̀yìn okùn wá, á le kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ kan fi máa ń yàtọ̀ sí ìkejì. Níbi tí ara bàálù ti yípo, bàálù ni kí ẹ yí, kì í ṣe ọwọ́.

Ẹ yọ Blu-Tack kúrò láàárín wákàtí kan. Nínú ooru Ìbàdàn, òróró rẹ̀ máa ń bá ọ̀dà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi Blu-Tack mìíràn tẹ̀ ẹ́, á gbé e.

Téèpù àwọn tó ń fín mọ́tò le jù fún iṣẹ́ yìí. Tó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí agbára rẹ̀ dínkù, kí ẹ fi abẹfẹ́lẹ́ tuntun gé etí rẹ̀ dànù. Tínà wọn ńkọ́? Fífọ airbrush nìkan. Ó ń jẹ ike.