Nọ́ńbà Tó Ń Jó Lójú Díspléè: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Mẹ́ta láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yàn nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹbí kan náà ni wọ́n: sẹ́ńsọ̀ analog (èyí tó ń fi fóltéèjì sọ ohun tó bá wọ̀n), díspléè, àti bọ́ọ̀dù microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ prógíráàmù sí) tó so méjèèjì pọ̀. Mo gé díẹ̀ kúrò nínú lẹ́tà náà kí àyè lè gbà wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Òròmọdìẹ ni mo ń sìn níhìn-ín. Mo so sẹ́ńsọ̀ ìgbóná LM35 mọ́ ẹsẹ̀ A0 lára bọ́ọ̀dù Arduino Uno, mo sì fi wáyà bíi yáàdì mẹ́jọ gbé e dé inú ilé òròmọdìẹ, níbi tí mo gbé relay (swíìṣì tí bọ́ọ̀dù ń fi iná tì) tó ń tan gílóòbù ìgbóná sí. Bí mo bá fi kọ̀ǹpútà mi gbé bọ́ọ̀dù náà, díspléè a sọ pé 33. Bí mo bá gbé e sórí ṣájà fóònù, a di 35 lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì kúrò lójú kan. Èyí tó wá burú jù ni pé lóru, relay a máa dún kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, gílóòbù a máa tàn, a máa kú. Ṣé ayédèrú sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n tà fún mi ni? (Òǹkàwé láti Ìpẹru Rẹ́mọ)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ju sẹ́ńsọ̀ yín nù, ẹ má sì tíì lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà. Ìṣòro méjì ló dì mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi LM35 nínú méjèèjì.

LM35 kò mọ nọ́ńbà. Fóltéèjì ló ń gbé jáde, mílífóltì 10 fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ilé òròmọdìẹ bá gbóná dé dígírì 33, mílífóltì 330 ni ẹ ó bá lẹ́sẹ̀ àárín rẹ̀. Bọ́ọ̀dù yín náà kì í ka mílífóltì yìí bí mítà àwọn oníná ṣe ń kà á. Ṣe ló ń mú fóltéèjì tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ, tó pín in sí ọ̀nà 1024, tó sì ń sọ iye ọ̀nà tí ti sẹ́ńsọ̀ kó nínú rẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń fi kóńgò wọn gàrí lọ́jà: bí ẹnì kan bá tẹ ìdí kóńgò náà wọ inú, gàrí tó jẹ́ kóńgò mẹ́wàá lánàá yóò di mọ́kànlá lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kún ọwọ́ kan kún un. Kóńgò tí bọ́ọ̀dù yín fi ń wọn sẹ́ńsọ̀ ni iná tó ń jẹ, ṣájà fóònù yín sì ti tẹ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí iná bọ́ọ̀dù bá jẹ́ fóltì 5 gééré, ọ̀nà kan jẹ́ mílífóltì 4.88, mílífóltì 330 yóò sì fún yín ní 67, èyí tí prógíráàmù yín yóò túmọ̀ sí bíi dígírì 33. Ká wá ní ṣájà yín ń gbé fóltì 4.65 péré jáde nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì fún ṣájà olówó pọ́ọ́kú àti wáyà USB tẹ́ẹ́rẹ́. Mílífóltì 330 kan náà yóò di 72. Prógíráàmù tó ṣì gbà pé fóltì 5 lòun ń jẹ yóò sì kọ dígírì 35 sójú díspléè. Àlàyé 33 àti 35 yín nìyẹn. Ẹ gbé mítà lé ẹsẹ̀ 5V àti ẹsẹ̀ GND (gráùǹdù, ọ̀nà tí iná ń gbà padà) lára bọ́ọ̀dù náà, lórí kọ̀ǹpútà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lórí ṣájà, ẹ ó sì fi ojú ara yín rí ìyàtọ̀ náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Inú Uno ni wọ́n ti ṣe kóńgò kékeré kan tí iná ìta kì í tètè yí, bíi fóltì 1.1. Ẹ kọ analogReference(INTERNAL) sínú setup (apá ìbẹ̀rẹ̀ prógíráàmù yín), ẹ da ìkà mélòó kan àkọ́kọ́ nù, kí ẹ sì fi mítà wọn ẹsẹ̀ AREF (ibi tí kóńgò kékeré yìí ti hàn síta), nítorí 1.1 yìí lè jẹ́ 1.0 tàbí 1.2 lára bọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Iye tí ẹ bá rí gan-an ni kí ẹ kọ sínú ìṣirò yín. Ẹ má ṣe so ohunkóhun tó ń gbé iná wá mọ́ AREF ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá ń lo èyí. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé ọ̀nà kan á di mílífóltì 1.07 péré, tó jẹ́ pé níbi tí nọ́ńbà yín ti ń fo ìdajì dígírì lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, ìdá mẹ́wàá dígírì ni yóò máa fi lọ. Òpin ohun tí ẹ lè wọ̀n á wá jẹ́ nǹkan bíi dígírì 110, èyí tó ju ohun tí adìẹ ń wá lọ, àfi bí ẹ bá fẹ́ sè é.

Ó wá ku relay tó ń dún kẹ-kẹ-kẹ. Mo fẹ́ kí ẹ yẹ wáyà gráùǹdù yín wò, nítorí mo fura pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ fà dé ilé òròmọdìẹ, tí LM35 àti relay sì jọ ń lò ó. Wáyà kì í ṣe òfìfo. Ó ní ìdènà tirẹ̀. Bí ìdènà yáàdì mẹ́jọ yẹn kò bá ju 0.3 òmù lọ, tí kọ́ìlì relay sì ń fa bíi mílíáńpù 70, ìdí sẹ́ńsọ̀ yín yóò gbéra sókè ní mílífóltì 21 ní gbogbo ìgbà tí relay bá mú. Mílífóltì 21 sì ni dígírì méjì lójú LM35. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wàyí: ilé tutù, relay mú, gílóòbù tàn, kíá, nọ́ńbà fo sókè ní dígírì méjì láìjẹ́ pé atẹ́gùn tíì gbóná rárá, prógíráàmù ní ó ti gbóná tó, ó pa á, nọ́ńbà já wálẹ̀, ó tún tan án. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn, òun sì ni kẹ-kẹ-kẹ tí ẹ ń gbọ́ lóru.

Gráùǹdù sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ dá wà lórí wáyà tirẹ̀ títí dé bọ́ọ̀dù. Ti relay náà kí ó gba ọ̀nà tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì má pàdé títí wọn yóò fi dé ẹsẹ̀ GND. Ẹ fi resistor (ohun kékeré tó ń dènà iná) 2,000 òmù sí ẹnu ọ̀nà ẹsẹ̀ àárín LM35, lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ níbẹ̀ gan-an, nítorí sẹ́ńsọ̀ yìí kì í fẹ́ràn wáyà gígùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àlàfo sínú prógíráàmù: kí gílóòbù tàn ní 32, kí ó má sì kú títí yóò fi di 34. Bí iná NEPA bá wà lára gílóòbù náà, ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ ṣe apá ibẹ̀.

Mo ní láti kìlọ̀ fún yín nípa ẹsẹ̀ LM35, nítorí ó ti jó mi níka rí. Àwòrán tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ jáde ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Èmi wò ó láti òkè, mo so ó ní òdìkejì, kò sì pẹ́ tó fi gbóná bí ẹyin iná. Ẹ kọjú ìhà pẹlẹbẹ rẹ̀ sí ara yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọlẹ̀: iná ni ti òsì, àárín ni èsì, gráùǹdù ni ti ọ̀tún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà yín jóòótọ́, ẹ fi ọ̀rá nylon wé sẹ́ńsọ̀ náà dáadáa, kí ẹ fi há abíyá pẹ̀lú tẹmómítà ibà, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó ìdajì dígírì. Ẹ má lo omi yìnyín, torí pé LM35 tí a so báyìí kì í ka ohun tó bá tutù ju dígírì 2 lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ náà tilẹ̀ wá péye, ojú àwọn òròmọdìẹ ṣì ni kí ẹ máa wò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, dígírì 32 sí 35 ni wọ́n ń fẹ́, tí a ó sì máa dín in kù ní bíi mẹ́ta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá gun ara wọn lórí sí ojú kan, òtútù ń mú wọn, ohun yòówù kí díspléè máa wí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ra LCD onílà méjì, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó ní bọ́ọ̀dù I2C (ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń gba wáyà méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀) kékeré lẹ́yìn. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo fi fọ́líọ̀mù kan (potentiometer tí a ń fọwọ́ yí) kún un, tí mo sì so ó mọ́ A4, ìlà òkè díspléè kún fún àpótí dúdú, kò sì kọ nǹkan kan mọ́. (Akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: O ti dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ, ọmọ mi. Lórí Uno, A4 àti A5 ni I2C fi ń sọ̀rọ̀: dátà ń gba A4, agogo (àmì tó ń pín àkókò fún dátà) ń gba A5. Fọ́líọ̀mù tí o so mọ́ A4 ti di díspléè rẹ lẹ́nu. Gbé e lọ sí A0, tàbí èyíkéyìí títí dé A3, kí o sì yí nọ́ńbà ẹsẹ̀ náà padà nínú prógíráàmù.

Àpótí dúdú lórí ìlà kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé LCD rí iná jẹ ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì jí i. Bí ó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ fọ́líọ̀mù, àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí prógíráàmù fi ń pe díspléè) ni kí o yẹ̀ wò: 0x27 ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́, àwọn kan sì ń jẹ́ 0x3F. Bí iná ẹ̀yìn bá tàn, tí ojú rẹ̀ sì mọ́ láìsí lẹ́tà, fi screwdriver kékeré yí ìdè búlúù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tí ó kàn ṣá láwọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Màmá mi ń ṣe gàrí, mo sì fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ pH (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó) mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe kan tó kí a tó yan án. Bọ́ọ̀dù ESP32 (microcontroller tó ní Wi-Fi nínú) ni mo ní, kí n lè máa wo nọ́ńbà náà lórí fóònù mi. Ẹni kan ní sẹ́ńsọ̀ náà lè pa bọ́ọ̀dù mi. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé láti Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, bí ẹ bá so ó bí wọ́n ṣe ń so ti Uno. Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀dù pH tó wà lọ́jà ń jẹ fóltì 5, fóltéèjì tó ń jáde níbẹ̀ sì lè kọjá 3.3, èyí tó jẹ́ òpin ohun tí ẹsẹ̀ ESP32 lè gbà. Ẹ fi resistor méjì pín in: èsì sẹ́ńsọ̀ gba inú 10,000 òmù dé ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù, 15,000 òmù sì ti ibẹ̀ lọ sí gráùǹdù. Fóltì 5 á di fóltì 3 gééré. Ẹ yan ẹsẹ̀ láàárín GPIO 32 sí 39, nítorí àwọn ẹsẹ̀ analog yòókù kì í kà nígbà tí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́, Wi-Fi lẹ sì fẹ́ lò.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti so ọ̀pá dígí pH náà mọ́ ESP32 láìsí bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bíi mílífóltì 59 péré ló ń gbé jáde fún pH kan. Láti 7 tí kò kan tí kò sì korò, dé 4 tí ẹ̀gẹ́ tó ti kan dáadáa máa ń sún mọ́, gbogbo rẹ̀ kò ju mílífóltì 177 lọ. Ìdènà inú dígí náà pọ̀ débi pé bí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù bá kàn fi ẹnu bà á, fóltéèjì náà ti run. Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù àárín ni láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìfà á, kí ó sọ ọ́ di ńlá, kí ó sì gbé 7 sí àárín fóltéèjì kí ìhà méjèèjì lè rí àyè.

Ẹ ra omi ìdíwọ̀n méjì, ti pH 4 àti ti pH 7. Ẹ ti ọ̀pá náà bọ ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà tí ESP32 kà, láàárín 0 sí 4095. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, ẹ ti í bọ èkejì, ẹ kọ ọ́. Ìlà tó so àmì méjèèjì ni prógíráàmù yín yóò máa tẹ̀ lé. Níwọ̀n bí omi ìdíwọ̀n ti gba inú resistor kan náà pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, ẹ kò ní ṣírò ìpín fóltéèjì lọ́tọ̀.

Ẹ má sì fi ọ̀pá náà sílẹ̀ sínú àpò ẹ̀gẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ fún omi ẹ̀gẹ́ sínú ife kékeré, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ṣan dígí náà, kí ẹ dá a padà sínú omi iyọ̀ potassium chloride tó bá a wá, torí pé bó bá gbẹ, ó bàjẹ́ nìyẹn. Fún ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń ṣe gàrí, ẹ bá mi fún màmá ní omi náà tọ́ wò kí ẹ tó fi nọ́ńbà hàn wọ́n, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí fóònù sọ. pH tí wọ́n bá ti ní "ó tó yan" ni kí ẹ kọ sínú prógíráàmù, kì í ṣe èyí tí ẹ rí kà níbòmíràn.