Ṣé ọmọ ni mí ni, àbí ẹrú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń gbálẹ̀ ilé ìjọsìn wa ní gbogbo Sátidé, n kì í sì í pa ààwẹ̀ jẹ, síbẹ̀ ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà mí bí ẹrú tí ó ń sá fún pàṣán. Ṣé bí ó ti yẹ kí n máa bá a rìn nìyí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìforítì, ìyá wa. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù orí 15, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí ó ti oko dé, tí ó gbọ́ orin àti ijó, tí ó sì kọ̀ láti wọlé. Òun náà ka ọdún tí ó ti fi sin bàbá rẹ̀, ó ní wọn kò fún òun ní ọmọ ewúrẹ́ kan rí. Bàbá náà kò bá a ka ọdún rárá; ó jáde wá bẹ̀ ẹ́, ó pè é ní ọmọ, ó sì ní gbogbo ohun tí òun ní, tirẹ̀ ni.

Ní Sátidé tí ó ń bọ̀, tí ẹ bá gbálẹ̀ tán, ẹ fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ẹ jókòó, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ń dùn yín fún Ọlọ́run. Nínú Sáàmù 13, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni onísáàmù bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹrú kì í bi olówó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.