Ṣé ìrun máa ń pa irọ́ tí a fi tajà rẹ́?

Ìbéèrè: Àáfà wa, àṣálámù àléékúmù. Ìtòkú níbí ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń bá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tajà, àdìrẹ là ń tà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà ti kún ọjà. Ọ̀gá mi a máa kó o mọ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, á ní kí n sọ fún oníbàárà pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀, kí n sì pe iye kan náà. Bẹ́ẹ̀ ẹni yìí kì í pa àsùbáà jẹ ní jámáà, ó ń gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì, wọ́n sì ti fi jẹ Bàbá Àdínì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó ní ìrun márààrún tí òun ń kí ń fọ̀ ọ́ dànù, hádíìsì ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́, ó ní tó bá jẹ́ báyìí làwọn olùkírun ṣe rí, òun ò kírun mọ́, ọkàn mímọ́ tó òun. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nínú ẹgbẹ́ àṣàlátù wa, àwọn kan tiẹ̀ ní ìrun ọ̀gá mi ti bàjẹ́, kó lọ tún gbogbo rẹ̀ kí. Ta ló jàre? Kí sì ni kí èmi ṣe?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàláámù wàráhàmọ́túlááhì, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì.

Ti àbúrò rẹ kò gùn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣẹ̀, òun wá lọ jẹ Ọlọ́hun ní gbèsè. Ọkàn ta ló mọ́ tó ti Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a? Síbẹ̀ ó ń dìde kírun lóru títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Sọ fún un kó lọ ṣe àlùwàlá.

Ti ọ̀gá rẹ ló yẹ ká jókòó tì, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tó sọ, àbọ̀ òótọ́ ló sì ń kó èèyàn sí kòtò. Hádíìsì tó dì mú wà, Bùhárì àti Múslímù ló gbà á wá: Ànábì fi ìrun márààrún wé odò tó ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà èèyàn, tó ń wẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, pé ìdọ̀tí kankan ò ní ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ka èkejì rẹ̀ náà, tí Múslímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abú Húráírà: ìrun márààrún, jímọ̀ dé jímọ̀, Ràmàdáánì dé Ràmàdáánì, wọ́n ń pa ohun tó wà láàárín wọn rẹ́, níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ti jìnnà sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀gá rẹ fò.

Ṣé irọ́ ọjà wá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni? Ànábì kọjá níbi tí ọkùnrin kan kó oúnjẹ jọ sí, ó ti ọwọ́ bọ òkìtì náà, ìka rẹ̀ bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó ní, “Kí lèyí, ìwọ olóúnjẹ?” Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì ní, “Kí ló dé tí o kò fi í sókè kí àwọn èèyàn rí i? Ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kò sí lára mi.” Wò ó dáadáa: ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ la ẹnu parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi èyí tó gbẹ bo èyí tó tutù ni, Ànábì ò sì bi í bóyá ó ti kí áílà. Ọ̀gá rẹ ní tiẹ̀ ń rán ẹlòmíì ní irọ́.

Aṣọ Ṣáínà fúnra rẹ̀ kì í ṣe hàráámù. Kó tà á, kó jèrè. Ohun tí oníbàárà ń sanwó lé lórí ni wàhálà wà. Ẹni tó ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń san owó ìyá tó fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tó rì í sínú ìkòkò aró, tó sá a, tó tún rì í títí àwọ̀ fi mú. Ọ̀gá rẹ wá ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ fún un, ó gba owó aró tí ẹnikẹ́ni ò rẹ. Owó yẹn, ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ ni. Ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́, ìrun kì í san án. Ànábì sọ pé ẹni tó kú sójú ogun Ọlọ́hun, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni a ó fi jì í, àyàfi gbèsè. Ẹ̀jẹ̀ ajẹ́rìíkú ò san gbèsè, ǹjẹ́ ààwẹ̀ Àlàmísì lè san án?

Ibí ni inú ti ń bí mi sí àwọn oníwàásí orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n á ní ẹ ka wírídì báyìí, iye báyìí, tàbí ẹ san owó úmúrà, gbogbo ẹ̀tọ́ èèyàn tó wà lọ́rùn yín á já. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àwọn kan náà ni wọ́n máa ń pe àṣàlátù wa ní bídíà (àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn), pé jíjókòó ṣe sàlátù fún Ànábì ò tọ́. Bídíà gan-an ni kéèyàn la ọ̀nà tí olè á gbà wọ àlùjánnà láì dá ohun tó jí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé ìrun ọ̀gá yìí ti bàjẹ́, kó lọ kí gbogbo rẹ̀ ní ọ̀tun, ẹ rọra. Lọ́dọ̀ wa, nínú màsíhábù (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Imáàmù Màlíkì, ẹni tó bá fi aṣọ tó gbà lọ́nà èrú kírun, ìrun rẹ̀ dúró, ẹ̀ṣẹ̀ ìgbàlọ́wọ́gbà wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ Imáàmù Àmọ́dù ọmọ Háńbálì, tó ní màsíhábù tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ ni pé ìrun náà ò tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí àwọn àáfà wa fi kọ́ wa nìyẹn. Ọ̀gá rẹ kò ní san ìrun padà. Láádá ìrun náà ló yẹ kó máa ṣàárò, torí ní ọjọ́ àlùkìyámọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ni wọn yóò máa pín in. Ànábì pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó wọ gbèsè jù nínú ìjọ rẹ̀: ó kó ìrun, ààwẹ̀ àti sàká dé, wọ́n fi san ẹ̀tọ́ àwọn tó bú, àwọn tó jẹ owó wọn, títí iṣẹ́ rere rẹ̀ fi tán, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀ṣẹ̀ wọn rù ú.

Ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ará Mádíyánà gan-an jù ú lọ. Nígbà tí Ànábì Ṣùáíbù ní kí wọ́n yé rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ, èsì wọn wà nínú Súrà Húùdù, áyà 87: ṣé ìrun rẹ ló ń pàṣẹ fún ọ pé ká fi ohun tí àwọn bàbá wa ń sìn sílẹ̀, tàbí ká má ṣe owó wa bó ṣe wù wá? Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Síbẹ̀ kèfèrí Mádíyánà mọ̀ pé ìrun lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ọjà, Bàbá Àdínì ò mọ̀.

Ohun tí yóò ṣe nìyí. Kó jáwọ́ lónìí, kó ya aṣọ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó pe kálukú ní orúkọ àti iye rẹ̀. Oníbàárà tó bá mọ ilé wọn tàbí tó ní nọ́ńbà wọn, kó sọ òótọ́ fún wọn: ẹni tó bá fẹ́ dá aṣọ padà, kó gba owó rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mú un bẹ́ẹ̀, kó mú un, bí wọ́n bá jọ fẹnu kò lórí èlé tó gbà (owó tó lé lórí iye tó yẹ), kó dá a padà. Àwọn tí kò mọ̀ mọ́, kó fojú bu èlé tó jẹ lọ́wọ́ wọn, kó fi ṣe sàráà ní orúkọ wọn. Kó má fi ṣe ti ara rẹ̀ o, kó má sì pe oníròyìn wá wò ó.

Ìwọ ọmọ mi, má parọ́ mọ́. Kò sí ìtẹ̀lé ẹ̀dá níbi ṣíṣẹ̀ Ẹlẹ́dàá, ìbáà ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n. Bí oníbàárà bá bi ọ́, sọ ohun tí aṣọ jẹ́. Bí ọ̀gá rẹ bá ní o ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́, wá iṣẹ́ mìíràn, kí o ṣì máa kí i bó ṣe yẹ, kí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ má bàa gbóná. Owó oṣù tó fún ọ fún gbígbá ṣọ́ọ̀bù àti gbígbé ẹrù, hàláàlì rẹ ni. Ní tèmi, èyí tó fi kún un fún ọ lórí aṣọ tí ìwọ fúnra rẹ parọ́ tà, yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún sàráà, kódà bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ gbé.