Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lè yí ìrísí padà nínú ara, kó sì tú oògùn sílẹ̀?

Òótọ́ ni. 4D printing ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D printer tẹ̀ ń yí padà fúnra rẹ̀ bí àkókò ṣe ń lọ; Skylar Tibbits ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló mú orúkọ náà gbajúmọ̀ ní 2013. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀ o. Ooru, omi tàbí ásíìdì inú ikùn ló ń mú kó ká, kó tú, tàbí kó wú. Ẹ wo PNIPAM, èròjà kan tó máa ń rí bí jẹ́lì: tó bá tutù, á mu omi yó, bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 32°C, á súnkì, á sì fún omi inú rẹ̀ jáde tòun ti oògùn. Ara èèyàn sì rèé, 37°C ló wà.

Ti oògùn yìí ṣì pọ̀ ní yàrá ìwádìí ju ọsibítù lọ. Àmọ́ ní 2012, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan fi ohun tí wọ́n tẹ̀ gbé ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ kan ró. Wọ́n ṣe é kó lè máa fẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà, kó sì yọ́ dànù nínú ara láàárín nǹkan bí ọdún 3.