Ṣé dandan ni kí fóònù ní sáìtì tirẹ̀?

Ìbéèrè: Mo ń ta igbá fínfín àti báàgì aláwọ nítòsí Akẹ̀sán, l'Ọ̀yọ́. Mẹ́nù sáìtì mi dára lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ó rí tíńtín bí èèrà. Mo bá tẹ “Báàgì”, “Igbá” ló ń ṣí. Ọmọkùnrin kan ní kí n sanwó sáìtì kejì, ti fóònù. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ “sáìtì kejì” yìí, torí ẹni tó bá ti san án kì í rówó rẹ̀ gbà padà. Sáìtì méjì, wàhálà méjì: ẹ bá fowó lé báàgì níbì kan, ẹ gbàgbé ibì kejì, oníbàárà á wá máa fi fóònù rẹ̀ bá yín jà. Láti 2010 tí Ethan Marcotte, ẹnì kan tó ń ṣètò sáìtì, ti sọ ọ̀nà tí à ń lò báyìí ní responsive web design, ojú ewé kan ṣoṣo ló ń tún ara rẹ̀ tò bí ojú fóònù bá ṣe fẹ̀ mọ.

Bí gbogbo nǹkan bá rí tíńtín báyẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń fura sí ni ìlà kan tí wọn ò kọ sínú head, ìyẹn apá òkè kóòdù ojú ewé tí oníbàárà kì í rí:

<meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">

Bí kò bá sí níbẹ̀, fóònù á ya ojú ewé náà bíi ti kọ̀ǹpútà, ní nǹkan bí 980 pixel (àwọn tótòtó iná tí a fi ń wọn ojú rẹ̀) ní fífẹ̀, á wá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè gbà á. Èèrà yín nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, media query díẹ̀ (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ bí ojú fóònù bá ṣe fẹ̀ mọ) nínú CSS, èdè tí wọ́n fi ń ṣètò ìrísí sáìtì, á to mẹ́nù lé ara wọn. Tí ohun inú mẹ́nù kò bá ju mẹ́rin lọ, ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn àmì onílà mẹ́ta tí wọ́n máa ń tẹ̀ kí mẹ́nù tó ṣí yẹn rárá. Tó bá pọ̀, kí àmì náà jẹ́ button gidi (bọ́tìnnì tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ nínú kóòdù), kó tó pixel 44 níbùú lóròó. Kí mẹ́nù sì wà ní ṣíṣí bí JavaScript, kóòdù tó ń mú kí àmì náà dáhùn, ò bá ṣiṣẹ́: ẹni tó ń fi Opera Mini, ìyẹn ẹ̀rọ ìwò sáìtì tí kì í jẹ dátà púpọ̀, ṣọ́ dátà lò lè tẹ àmì yẹn títí kó má dáhùn.

N ò tíì rí sáìtì yín o, nítorí náà, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ WordPress, ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, child theme (ẹ̀dà kékeré tó dúró lórí ìrísí sáìtì náà) ni kí wọ́n kọ àtúnṣe náà sí, torí tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìrísí gan-an, update lè pa á rẹ́. Bí ọmọkùnrin yẹn bá ní ìlà viewport náà ti wà níbẹ̀, ẹ ní kó ṣí i hàn yín. Kó tó gbowó iṣẹ́, orí fóònù ọmọ iṣẹ́ yín, fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ni kó ti dán an wò.